Àlàfo Láàrin Imú àti Èéfín: Bí Ètò Ìlú Ṣe Ń Tún Afẹ́fẹ́ Ṣe

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí sí Olúsọ̀sún ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹ̀yìn ìlú ni ibẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ará Èkó. Àkìtàn náà kò kúrò níbi tí ó wà. Ìlú ni ó rìn wá bá a. Lónìí, ilé, ṣọ́ọ̀bù, ibùdókọ̀ àti ọ̀nà márosẹ̀ ti yí ilẹ̀ tí ó lé ní hẹ́kítà 40 náà ká, láàrin Ojota, Kétu àti Orégùn. Nígbà tí iná sọ lórí àkìtàn náà ní oṣù Kẹta ọdún 2018, àárín àwọn ènìyàn ni èéfín rẹ̀ ti rú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn iná náà lọ. Ẹnì kan ta ilẹ̀ lẹ́bàá àkìtàn. Ẹnì kan wọn ilẹ̀ náà, ẹnì kan kọ́lé síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó dí i lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí iná tó sọ ni wọ́n ti pinnu ẹni tí yóò fa èéfín rẹ̀ símú.

Bí ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ ṣe rí káàkiri nìyẹn. A máa ń di ẹ̀bi ru ẹ́ńjìnnì àti epo, wọ́n sì jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí títì gbà, ibi tí ilé wà, bí ilé iṣẹ́ ṣe jìnnà sí ilé ìgbé tó, ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń sọ iye èéfín tí yóò jáde àti iye tí yóò wọ ara ènìyàn. Iṣẹ́ méjì ni ètò ìlú ní láti ṣe níbẹ̀. Èkínní, kí ó gé ìrìn tí ènìyàn ń fi ọkọ̀ rìn lójúmọ́ kúrú, kí èéfín lè dín. Èkejì, kí ó fi àlàfo sí àárín èéfín tí ó bá ṣẹ́ kù àti imú ènìyàn. Ìlú tí ó bá ṣe méjèèjì pọ̀, ara àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò yá sí i, kódà bí ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò bá tíì di tuntun.

Ohun tí a ń fà símú

Apá tí ó léwu jù nínú èéfín ni èyí tí ojú kò rí. Àwọn ègé tíntìntín kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5, nítorí pé ìbú wọn kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Tí a bá to nǹkan bí 30 nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ju ìnípọn fọ́nrán irun orí kan lọ. Irun imú kò lè dá wọn dúró. Wọ́n ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, àwọn tí ó kéré jù nínú wọn sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí èéfín fi ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, yàtọ̀ sí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé tí a bá pín in dọ́gba láàrin ọdún kan, PM2.5 kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú afẹ́fẹ́ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan. Nínú ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé ṣe nípa Èkó, 68 ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018 nìkan, ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ dá ẹ̀mí nǹkan bí 11,200 ènìyàn légbodò ní Èkó, ó sì mú kí ìpínlẹ̀ náà pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú.

Ibi tí èéfín náà ti ń wá kò fara sin. Ọkọ̀ ojú títì wà níbẹ̀, pàápàá àwọn ògbólógbòó tí ó ń lo dísù. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé iṣẹ́, ìdọ̀tí tí a ń sun, àti eruku ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà tún ń kún un. Ọyẹ́ kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù, ènìyàn ni ó gbé wọn sí ibi tí wọ́n wà, ohun tí ènìyàn bá sì gbé kalẹ̀, ènìyàn lè tún un gbé.

Kí ilé súnmọ́ iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, Ìkòyí tàbí Victoria Island kò lè san owó ilé níbẹ̀. Wọ́n ń gbé Ìkòròdú, wọ́n ń gbé Ọ̀tà, wọ́n ń gbé Mowe àti Ibafo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti wà lójú títì, ilẹ̀ sì ti máa ń ṣú kí wọ́n tó padà délé. Ọkọ̀ tí ó wà nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ń jó epo láìrìn. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tí ó sì tún fún un níná, èéfín tuntun ti jáde nìyẹn, ìyẹ̀fun bíréèkì àti ti táyà sì ti bá a lọ sínú afẹ́fẹ́.

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ìjọba ni kí wọ́n fẹ títì náà sí i. Ìrírí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá fi hàn pé ìrọ̀rùn yẹn kì í pẹ́. Bí ọ̀nà bá ti fẹ̀, àwọn tí wọn kì í gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀, àwọn tí ó ń ta ilẹ̀ yóò tún lọ ṣí ilẹ̀ tuntun níwájú, ọkọ̀ yóò sì tún kún títì náà. Ìwòsàn tí ó dúró ni kí ìdí ìrìn náà fúnra rẹ̀ dín. Kí ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì, ọjà àti ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká wà ní agbègbè kan náà, kí Ìkòròdú ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí Àgége ní tirẹ̀, kí Badagry ní tirẹ̀.

Lóde òní, orúkọ Carlos Moreno, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Sorbonne ní Paris, ni wọ́n máa ń dá mọ́ èrò yìí. Ó ní ìlú yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi lè fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ dé ibi tí ó ti máa rí ohun tí ó nílò láàrin ìṣẹ́jú 15. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ bí ìlú wa àtijọ́ ṣe rí yóò rí i pé èrò náà kò ṣàjèjì. Ààfin wà láàrin ìlú, ọjà wà níwájú rẹ̀, agbo ilé yí wọn ká. Inú agbo ilé ni ahunṣọ ti ń hunṣọ, ẹ̀gbẹ́ ilé ni aláró ti ń rẹ aró. Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà nìkan ni ó ń rin ìrìn gígùn. Òfin tí ó ya ilé ìgbé sọ́tọ̀ pátápátá sí ibi iṣẹ́ ni ó dé bá wa lẹ́yìn náà. Ilé iṣẹ́ tí ó ń tú èéfín jáde yẹ kí ó jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ilé ìwòsàn kò ní ìdí kankan láti jìnnà.

Bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin àti ẹsẹ̀

A kò lè sọ gbogbo iṣẹ́ di ti àdúgbò. Ìrìn tí ó bá ṣẹ́ kù ni ó yẹ kí a yí ohun tí a fi ń rìn ín padà. Ní ìlú Curitiba ní Brazil, nígbà tí Jaime Lerner jẹ́ olórí ìlú, wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ní ọdún 1974. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n ṣe òfin pé ẹ̀bá ọ̀nà bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn ni kí ilé gíga máa wà, kí ilé máa rẹlẹ̀ bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà síbẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ibi tí èrò pọ̀ sí jù ni bọ́ọ̀sì ń kọjá. Bogotá ní Colombia tẹ̀lé irú ọ̀nà yìí pẹ̀lú TransMilenio rẹ̀ ní ọdún 2000.

Èkó gbé tirẹ̀ dìde ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008, nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Mile 12 sí CMS, kìlómítà 22. Ẹni tí ó bá ti wo ojú ọ̀nà náà dáadáa yóò mọ ohun tí ó ń mú un ṣiṣẹ́. Dánfó kan ń gbé èrò bíi 14. Láti gbé èrò tí bọ́ọ̀sì ńlá kan lè gbé, a ó nílò dánfó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ojú ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ sì ń jẹ́ kí bọ́ọ̀sì náà máa sáré nígbà tí àwọn yòókù dúró. Bí a bá gba ọkọ̀ mìíràn láàyè láti wọ ojú ọ̀nà yẹn, èrè méjèèjì ti sọnù nìyẹn. Kọnkéré tí ó pààlà ojú ọ̀nà náà ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró bí ó ṣe ń dáàbò bo àkókò.

Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, kìlómítà 13. Iná mànàmáná ni ó ń lò, nítorí náà kò tú èéfín kankan sílẹ̀ ní àdúgbò tí ó ń kọjá. Red Line, láti Agbado dé Òyìngbò, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Dísù ni èyí ń lò, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kan ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kúrò lójú títì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibi tí àwọn iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí ti máa ń já sí òfo ni ọ̀nà kékeré tí ó wà láàrin ilé àti ibùdókọ̀. Tí kò bá sí ẹ̀bá títì tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn, tí gọ́tà bá là sílẹ̀, tí ọkọ̀ tí wọ́n páàkì àti àtẹ ọjà bá gba ibi ìrìn, tí oòrùn bá ń pani láìsí igi kan, ọ̀kadà ni ènìyàn yóò gùn dé ibùdókọ̀, tàbí kí ó gbé mọ́tò ara rẹ̀ jáde. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ìlànà kan láti ọdún 2018 lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ohun tí ó kù ni kí gbogbo títì tí a bá ń tún ṣe máa bá ìlànà náà mu: kí gọ́tà ní ìdérí, kí ẹ̀bá títì ga ju ojú títì lọ, kí ibi tí a ti ń sọdá wà ní ojú ilẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí aboyún àti arúgbó kò lè gùn kì í ṣe ọ̀nà ìsọdá.

Nígbà tí ìlú bá gba owó lọ́wọ́ èéfín

Ella Adoo-Kissi-Debrah jẹ́ ọmọ ọdún 9 ní Lewisham, ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Ilé wọn kò jìnnà sí South Circular, títì ńlá tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀. Àìsàn asthma dè é mọ́lẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ìyá rẹ̀, Rosamund, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń wádìí ohun tí ó pa ènìyàn sọ ní gbangba pé ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí ó pa ọmọ náà. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí ní Britain. Agbègbè tí ọmọ yìí gbé, àti Southwark tí ó pààlà pẹ̀lú rẹ̀, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ń gbé, tí wọ́n ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lẹ́bàá irú àwọn títì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Ṣáájú ìdájọ́ yìí ni London ti pààlà kan tí wọ́n ń pè ní ULEZ. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ yóò san pọ́n-ùn 12.50 ní ọjọ́ tí ó bá wọ ibẹ̀. Àárín ìlú nìkan ni ó kàn ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ó fẹ̀ sí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó ti kárí London. Ní báyìí, ó ju ọkọ̀ mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tí ó ti bá òfin náà mu. Ìjọba ìlú náà fi owó ran àwọn kan lọ́wọ́ láti pa ògbólógbòó ọkọ̀ tì, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè ra ọkọ̀ tuntun.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún Èkó ni bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra. Bọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, kí owó orí èéfín tó tẹ̀ lé e. Tí a bá gbowó lọ́wọ́ onídánfó kí ọ̀nà mìíràn tó ṣí sílẹ̀ fún èrò, orí èrò ni owó náà yóò já lé, èéfín kò sì ní dín.

Àlàfo láàrin títì àti yàrá

Iṣẹ́ kejì ètò ìlú ni èyí tí a kì í kà sí tó. Èéfín títì ńlá máa ń pọ̀ gan-an lẹ́bàá títì náà, ṣùgbọ́n ó máa ń fọ́nká kíákíá bí ènìyàn ṣe ń jìnnà sí i. Láàrin nǹkan bí mítà 150, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Nítorí èyí ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ní ọdún 2003 tí kò gba kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tuntun láàyè ní nǹkan bí mítà 150 sí ọ̀nà márosẹ̀, àfi tí wọ́n bá fi hàn pé kò ní pa àwọn ọmọ lára. Ní ọdún 2005, àjọ tí ó ń rí sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ gbani nímọ̀ràn kan náà fún ilé ìgbé àti ilé ìwòsàn.

Ẹ wo bí tiwa ṣe rí. Ilé ẹ̀kọ́ ń wá ojú títì kí àwọn òbí lè tètè rí i. Ilé ìwòsàn ń wá ojú títì. Ìyálọ́jà gbé àtẹ rẹ̀ sí ibi tí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ti ń fẹ́ èéfín sí i lójú láti àárọ̀ di alẹ́, ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó ni ó gbé gbogbo wọn lọ síbẹ̀, ìbáwí nìkan kò sì lè gbé wọn kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ya àwòrán ìlú lè fi ilé ìtajà, ibi ìpáàkì àti ilé ìkó-ẹrù-sí kojú títì, kí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìgbé wà lẹ́yìn wọn. Ó lè kọ́ ọjà tí ó fi ẹ̀yìn sí títì, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà ní òpópónà kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti wà lójú títì tẹ́lẹ̀ lè ṣí géètì mìíràn sí ẹ̀yìn, kí àwọn ọmọ má ṣe máa dúró níbi tí mọ́tò ti ń kùn. Ní London àti Paris, wọ́n ń dí òpópónà iwájú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ọkọ̀ ní àkókò tí àwọn ọmọ ń wọlé àti èyí tí wọ́n ń jáde.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tírélà Àpápá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tírélà fi tò sórí afárá àti òpópónà, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn lẹ́bàá ilé àwọn ènìyàn, nítorí pé èbúté ibẹ̀ kò ní ibi ìdúró tí ó tó. Ètò ìpè orí ẹ̀rọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021 ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí ibùdó tírélà títí a ó fi pè é. Ìyẹn bójú mu, ṣùgbọ́n ibi tí a kọ́ ibùdó tírélà náà sí ni yóò sọ bóyá a ti mú èéfín kúrò, àbí ńṣe ni a kàn gbé e fún àdúgbò mìíràn.

Ní Oko Baba ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, níbi tí àwọn onípákó ti ń la igi, èéfín ìyẹ̀fun igi tí wọ́n ń sun ti da àwọn ará àdúgbò láàmú tipẹ́, ìjọba sì kọ́ ibùdó tuntun fún àwọn onípákó náà sí Àgbọ̀wá. Níbi irú ìṣípòpadà báyìí, ìdájọ́ òdodo ni àkọ́kọ́. Ẹni tí a bá ní kí ó kó kúrò gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ti máa jẹun, ilẹ̀ tí ó yí ibùdó tuntun ká sì gbọ́dọ̀ wà láìní ilé. Tí a bá tún ta ilẹ̀ yẹn fún akọ́lé, Olúsọ̀sún mìíràn ni a ń bí.

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ̀lú

Stuttgart ní Jámánì wà nínú kòtò bí ìdí igbá, òkè yí i ká, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sì í lágbára. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1938 ni ìlú náà ti gba onímọ̀ ojú ọjọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ètò ìlú. Àwọn onímọ̀ yìí rí i pé ní alẹ́, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn láti orí òkè bọ̀ sínú ìlú, ó sì ń gbá èéfín kúrò. Wọ́n ya ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yìí ń gbà sínú àwòrán ìlú, wọ́n sì fi òfin de kíkọ́ ilé sí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti àfonífojì tí ó ń gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ìwé ìjọba, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ṣe ní.

Èkó ní ẹ̀bùn tí Stuttgart kò ní. Òkun wà níwájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn sì ń fẹ́ wọ̀lú ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún. Bí ilé gíga bá tò gbọọrọ ní etí omi láìsí àlàfo, àwọn ni yóò gba afẹ́fẹ́ náà tán, àwọn tí ó wà lẹ́yìn yóò sì máa mí ooru. Nínú òpópónà tóóró tí ilé gíga wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, bí ti Ìdúmọ̀tà, èéfín kì í rí ọ̀nà jáde. Ńṣe ni ó ń yí po nísàlẹ̀ níbi tí ènìyàn ń rìn. Nítorí náà ni àwọn atòlú fi ń wo bí ilé ṣe ga sí ìbú òpópónà, tí wọ́n ń fẹ́ kí gíga ilé máa yàtọ̀, kí àyè wà láàrin ilé kan àti èkejì, kí òpópónà ńlá dojú kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá.

Ní àdúgbò wa, kóòdù tí ó ní kí ilé jìnnà sí ògiri aládùúgbò ni a máa ń kọ́kọ́ rú. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ ilé kan fi ń fẹ́ èéfín sí ojú fèrèsé ilé kejì. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àlàfo mítà mélòó kan tí a fi du ara wa láti fi yàrá kan kún ilé ni ó ń padà wá bí ikọ́ ọmọ.

Igi níbi tí ó yẹ

Ní Medellín ní Colombia, láti ọdún 2016, wọ́n gbin igi àti ewéko sí ẹ̀bá títì àti odò, tí wọ́n fi di ọ̀nà àwọ̀ ewé 30. Ooru ibẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìwọ̀n 2 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ewé ń gba eruku dúró, ìbòòji sì ń dín wíwá ẹ̀rọ amúlétutù kù, èyí tí ó ń dín jẹnẹrétọ̀ kù. Ní Èkó, ìjọba ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún igi gbígbìn. Àwọn bàbá wa náà kì í fi ọjà sílẹ̀ láìní igi òdán.

Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ń gbin igi sí. Nínú òpópónà tóóró tí ọkọ̀ pọ̀ sí, igi tí orí rẹ̀ bo gbogbo títì lè há èéfín mọ́lẹ̀. Níbẹ̀, ọgbà kúkúrú tí ó nípọn láàrin títì àti ibi tí ènìyàn ń rìn ni ó dára jù. Ní òpópónà tí ó fẹ̀, igi ńlá kò ní wàhálà. Ilẹ̀ tí ó ṣófo lẹ́bàá títì yẹ kí ó ní koríko, nítorí eruku rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èéfín lójú ẹ̀dọ̀fóró. Igi kò sì lè ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Ìlú tí ó bá gbin igi tí kò dín ọkọ̀ kù ti fi iṣẹ́ tí ó le jù sílẹ̀.

Ilé tí ó mọ bí a ṣe ń mí

Jẹnẹrétọ̀ ń dún nítorí pé iná kò dúró, ṣùgbọ́n ó tún ń dún nítorí pé a kọ́ ilé tí kò ṣe é gbé láìsí iná. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán àwọn ilé tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ibi ìkàwé Kenneth Dike tí ó wà níbẹ̀ ní ògiri oníhò-hò tí ó ń gba atẹ́gùn wọlé, tí ó sì ń dí oòrùn. Ilé onígíláàsì tí ó wọ́pọ̀ lónìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tàbí kí wọ́n jáde.

Ètò tí ó kárí ọ̀pọ̀ ilé tún sàn ju ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Ní ọjà Súrà ní Lagos Island, ètò ìjọba àpapọ̀ kan mú kí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa gba iná láti orísun kan ṣoṣo, dípò kí kálukú gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré síwájú. Ẹni tí ó bá ń ya àwòrán ọjà tàbí ẹ́sítéètì tuntun lè fi àyè sílẹ̀ fún irú orísun bẹ́ẹ̀, tàbí fún ẹ̀rọ iná oòrùn lórí òrùlé, láti ìpìlẹ̀.

Ìgbà tí ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀

Wíwọ̀n ni ìbẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Makerere ní Kampala ti fi hàn, pẹ̀lú iṣẹ́ AirQo, pé a lè ṣe ẹ̀rọ awọfẹ́fẹ́ owó pọ́ọ́kú tí ó bá eruku àti ooru ilẹ̀ Áfíríkà mu. Nígbà tí àdúgbò bá ní òǹkà tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé èéfín ibẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni kí Èkó àti Ògùn jókòó pọ̀, nítorí èéfín kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Kí ìwé àṣẹ ìkọ́lé má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nìkan, kí àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, tí òfin rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1992, sì wáyé kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí Èkó ní láti fi owó ńlá tún ṣe lónìí, Àkúrẹ́, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Abẹ́òkúta ṣì lè ṣe é lówó díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí àwọn ìlú wọ̀nyí ń nà lé kò tíì kún. Kí baálẹ̀, ọmọ onílẹ̀, sọ̀fíọ̀ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tó fọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀ kan, kí wọ́n béèrè: níbo ni bọ́ọ̀sì yóò gbà? Ilé ẹ̀kọ́ jìnnà sí títì ńlá tó? Ẹ̀gbẹ́ wo ni afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí ni a sì fẹ́ fi dí i? Níbo ni ìdọ̀tí yóò máa lọ, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ilẹ̀ tí ó yí i ká kí wọ́n má baà tà á? Ìlú tí ó bá dáhùn àwọn ìbéèrè yìí kí wọ́n tó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ kò ní nílò láti wó ilé ẹnikẹ́ni lọ́la kí ọmọ tó lè mí dáadáa.